Ẹ̀fẹ̀ lórí Ogbó: Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ẹni tí ó ń kọ́ èdè àjèjì a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń kíni, bí a ti ń rajà, àti bí a ti ń bèèrè ọ̀nà. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó lè dápàárá nínú èdè náà, ó sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó lè sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń wí ohun kan tí ọkàn sì ń wí òmíràn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni n ó máa pè ní ọ̀rọ̀ olójú-méjì nínú àròkọ yìí. Kì í ṣe irọ́, nítorí òpùrọ́ kò fẹ́ kí á mọ̀ pé òun ń purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ olójú-méjì fẹ́ kí olùgbọ́ rí ojú kejì náà. Kì í sì í ṣe èébú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n sọ lè fi bú ènìyàn láìmọ̀.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lé lórí, ogbó ni mo yàn láti yẹ̀ wò, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀nà ti máa ń dàrú mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lójú. Àìmọ ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe àgbà àti ohun tí wọ́n ń pe ọmọdé. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé ipò tí ogbó wà nínú èdè wa yàtọ̀ sí ipò tí ó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó kàn ń to àkànlò èdè jọ bí ẹni to iṣu sínú abà kì í sọ èyí fún wọn. Bí a bá mọ ìyàtọ̀ náà dájú, a óò rí i pé ọ̀nà tí ọmọ Yorùbá lè gbà fi ogbó ṣẹ̀fẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fi ní dún bí ọ̀rọ̀ àjèjì, kò jìnnà sí ilé baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí àgbà bá ń súre fún ọmọ, ó lè wí pé: wà á gbó, wà á tọ́, wà á fi erìgì jobì. Ẹ ṣàkíyèsí àdúrà yìí dáadáa. Obì le, eyín ni a sì fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi erìgì jẹ ẹ́, eyín rẹ̀ ti ká tán. Síbẹ̀ a kò wí i bí ẹni ń ka àdánù. Eyín tí ó ti ká ni ẹ̀rí pé onítọ̀hún ti pẹ́ láyé, obì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ sì ni ẹ̀rí pé ó ṣì ń bá ẹgbẹ́ jẹ, ó ṣì ń bá ẹgbẹ́ mu, àwọn ènìyàn sì ń wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì rí ní ibi kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ wí pé ẹnì kan ti dàgbà kọjá ohun tí ó ń ṣe, wọn a ní ó ti "long in the tooth", ìyẹn ni pé eyín rẹ̀ ti gùn. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bí ẹṣin bá ti ń dàgbà, erìgì rẹ̀ a máa fà sẹ́yìn, eyín rẹ̀ a sì dà bí ẹni pé ó ń gùn sí i; ẹni tí ó fẹ́ rà á a la ẹnu rẹ̀ wò, kí wọ́n má baà ta ògbólógbòó fún un. Èdè méjèèjì ló wo erìgì àgbà. Yorùbá rí obì níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì rí ọjà tí iye rẹ̀ ti wálẹ̀. N kò wí èyí láti tẹ́ńbẹ́lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohun tí ojú àwọn baba ńlá rẹ̀ rí. Mo wí i kí a lè mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣa àkànlò èdè náà nínú ìwé, tí ó sì sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lójúkojú, lè rò pé òun ń dápàárá níbi tí ó gbé ń díye lé ènìyàn bí ẹṣin.

Èyí kò wí pé Yorùbá kì í fi ogbó ṣẹ̀fẹ̀. Òwe kan sọ pé: Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Irun mẹ́ta ni òwe náà kà. Ó fi oyè dá méjì àkọ́kọ́ lọ́lá, olùgbọ́ sì ti ń retí oyè kẹta kí ó tó di pé ó gbọ́ àfojúdi. Òmíràn wí pé: Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Ẹ rò ó wò ná: àkísà ni àgbà fi ń yangàn! Ojú kìíní ọ̀rọ̀ náà ni pé àkísà kún ilé àgbà, èyí tí kì í ṣe ohun ìyangàn rárá. Ojú kejì ni pé kò sí àkísà tí kò ti ṣe aṣọ rí, ẹni tí àkísà rẹ̀ sì pọ̀, aṣọ tí ó ti lò láyé ni ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Òwe kẹta ni: Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Bí ọ̀dọ́ kan bá rò pé arúgbó ni òwe yìí ń bá wí, kí ó tún un gbọ́. Òun gan-an tí ó wọ aṣọ tuntun ni a ń wò.

Nínú gbogbo òwe wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó ń fi iye ọdún tí ènìyàn lò láyé rẹ́rìn-ín. Ẹni tí Yorùbá ń fi ṣe ẹlẹ́yà nítorí ogbó ni ẹni tí ọdún rẹ̀ pọ̀ tí ìwà rẹ̀ kò sì bá ọdún náà mu. Òun ni à ń pè ní àgbàyà. Kò sì sí ọmọdé tí í jẹ́ àgbàyà. Ó di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ ní ọjọ́ orí kí ó tó lè tàbùkù rẹ̀.

Òfin kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: ẹnu ẹni tí ó ni ogbó ni ẹ̀fẹ̀ ogbó ti ń dùn. Bí wọ́n bá pe bàbá kan sí agbo ijó, òun fúnra rẹ̀ lè wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, orúnkún kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́." Gbogbo ènìyàn a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀rín náà a di ẹjọ́. Ohun tí ó tọ́ kí àwọn ọmọ ṣe ni kí wọ́n dáhùn pé, "Ẹ ò tíì dàgbà, Bàbá, ẹ ó gbó jù báyìí lọ." Bàbá a ṣe àmín, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà èwe ni wọ́n gbé sí ipò iyì, ogbó sì ni ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe bí ẹni tí kò rí lára ẹlòmíràn. Láti bi obìnrin tí ó ti dàgbà léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ àìmọ̀wàáhù lójú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ogbó ara rẹ̀ kì í gbé odidi rẹ̀ jáde. Díẹ̀ ni í fi hàn, a sì fi ìyókù sílẹ̀ fún olùgbọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí tí wọ́n máa ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà kìíní ni kí á fi ọ̀rọ̀ kékeré sọ ohun ńlá. Ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, a dúró, a sì wí pé, "I am not as young as I was." Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá, ohun tí ó wí ni pé òun kò tún kéré lọ́jọ́ orí bí òun ti wà tẹ́lẹ̀. Ta ni kò mọ èyí? Ọmọ ọjọ́ méjì pàápàá kò kéré bí ó ti kéré lánàá. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣófo yìí gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Ogójì àtẹ̀gùn wà níwájú ọkùnrin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ó mú ìyẹn, ó fi wé ọ̀rọ̀ tí ó ṣe é sọ fún ọmọ ogún ọdún. Kò fẹ́ kí á káàánú òun. Ó fẹ́ kí á bá òun rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí á sì dúró tì òun títí èémí yóò fi padà.

Ìdáhùn ni ó wá ń dojú rú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́. Bí ó bá gbà pẹ̀lú bàbá náà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ ti darúgbó," ó ti bú u. Bí ó bá túmọ̀ àdúrà ilé wa fún un pé yóò gbó jù báyìí lọ, ọ̀rọ̀ náà burú ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ohun tí ó dà bí ìre ní etí wa yóò dún bí ìhalẹ̀ ní etí rẹ̀. Bí ó bá sì káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ti gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ fi gbé ara rẹ̀ ró. Ohun tí ó yẹ ni kí ó fi irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn: kí ó wí pé àtẹ̀gùn yìí ga jù lóòótọ́, tàbí pé àwọn tí ó kọ́ ilé náà kò ro ti ènìyàn mọ́ ọn. Ẹ̀bi a kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ bàbá, a bọ́ sọ́rùn àtẹ̀gùn. Àwọn méjèèjì mọ ibi tí ẹ̀bi wà, wọn kò sì wí i.

Ọ̀nà kejì ni ìṣirò. Ẹni tí ó pé àádọ́ta ọdún lè wí pé òun tún pé mọ́kànlélógún. Iye yìí kò ṣàdédé wá. Mọ́kànlélógún ni ọjọ́ orí tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ènìyàn sí àgbà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di méjìdínlógún. Ọ̀nà kẹta ni kí á fi ènìyàn wé ẹran. Ẹni tí ó ti dàgbà a wí pé òun kì í ṣe "spring chicken", èyíinì ni ọmọ adìyẹ tí ẹran rẹ̀ ṣì rọ̀. Èyí dára bí ènìyàn bá ń sọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n "mutton dressed as lamb", ẹran àgbà àgùntàn tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí ẹran ọ̀dọ́-àgùntàn, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa obìnrin tí ó múra bí ọmọge, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni mọ́, ìdájọ́ ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ó bá rí i nínú ìwé, kí ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí a bá mú ìmọ̀ yìí lọ sínú àwọn ìwé tí à ń kà, ọ̀pọ̀ ohun tí ó ṣú yóò mọ́lẹ̀. Ẹ wo Falstaff nínú Apá Kejì eré Henry Kẹrin, tí Shakespeare kọ ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Falstaff sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ náà pàdé rẹ̀ lójú pópó tí ó ń bá a wí, ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì ń dá Adájọ́ lẹ́bi pé àwọn arúgbó bí tirẹ̀ kò mọ ohun tí ọ̀dọ́ lè ṣe. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì ogbó tí ó wà lára rẹ̀ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ka ojú, ó ka irùngbọ̀n, ó ka ẹsẹ̀ àti ikùn. Falstaff kò sẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní wákàtí tí wọ́n bí òun lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni orí òun ti funfun, tí ikùn òun sì ti yọ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é gbàgbọ́ ni, kò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo tí ó kù fún un ni kí ó mú kí Adájọ́ rẹ́rìn-ín.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níbẹ̀, yóò rò pé Shakespeare fẹ́ kí á yin Falstaff. Ó yẹ kí ó kà á dé òpin. Nígbà tí Ọmọ-Ọba tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun orí oyè, Falstaff sáré lọ pàdé rẹ̀ lójú gbogbo ayé, Ọba sì wí pé òun kò mọ arúgbó náà rí, ó ní ewú kò yẹ orí aláwàdà. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé níhìn-ín. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ tí Ọba ń wá: àgbàyà ni. Èyí fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì náà mọ òfin tiwa, pé ẹni tí ó ní ọdún láìní ìwà ni ẹ̀fẹ̀ ń padà sí lórí. Olùkọ́ tí ó bá mú ọ̀rọ̀ yẹn wọ kíláàsì yóò rí i pé àwọn ọmọ á lóye ìparí eré náà, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ìyà tí wọ́n fi jẹ Falstaff kò pọ̀ jù. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀.

Oscar Wilde gba ọ̀nà ìṣirò. Nínú eré rẹ̀, The Importance of Being Earnest, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì ọdún 1895, ọmọbìnrin kan wà tí ìwé ìhágún bàbá rẹ̀ àgbà sọ pé kò ní bọ́ lọ́wọ́ alágbàtọ́ títí yóò fi pé ọdún márùndínlógójì. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò dí ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Lady Bracknell, ìyá ọlọ́lá kan, kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí tí ó wuni ni, pé àwọn obìnrin ọmọ ọlọ́lá pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti fi ìfẹ́ inú ara wọn dúró sí márùndínlógójì láti ọdún pípẹ́. Ó sì dárúkọ ọ̀kan tí ó wà ní márùndínlógójì láti ìgbà tí ó ti pé ogójì. Ẹ ṣe ìṣirò náà kí ẹ rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ sínú ìwé ìdánwò rẹ̀ pé òpùrọ́ ni Lady Bracknell, tàbí pé kò mọ ìṣirò. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Ìyá náà ń yin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì le koko bí ẹni ń jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́. Wilde tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ níbẹ̀ ni bí a ti ń mú ojú le. Àwa náà kúkú mọ̀ pé aláwàdà tí ó bá ṣáájú olùgbọ́ rẹ́rìn-ín ti ba àwàdà rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù a máa bà wá pé wọn kò ní mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni à ń ṣe, a ó sì fi ẹ̀rín tì í lẹ́yìn, tàbí kí á wí pé, "Mo kàn ń ṣàwàdà ni o." Bí a bá ti wí èyí tán, ojú kejì ti fọ́.

Jonathan Swift jìn ju àwọn méjèèjì lọ. Ní ọdún 1699, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ó kọ ìlànà sílẹ̀ nípa bí òun yóò ti máa hùwà nígbà tí òun bá darúgbó: kí òun má máa sọ ìtàn kan náà ní àsọtúnsọ fún àwọn ènìyàn kan náà, kí òun má máa fi ìmọ̀ràn yọ ènìyàn lẹ́nu, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà tí ó fi parí rẹ̀ ni pé kí òun má ṣe gbèrò láti pa gbogbo rẹ̀ mọ́, kí ó má baà jẹ́ pé òun kò ní pa ọ̀kankan mọ́. Ọ̀dọ́ tí ó ti ń fi àwọn arúgbó ṣẹ̀fẹ̀ láti òkè wá, nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ ni ó kàn.

Nínú ìwé ìrìn-àjò Gulliver, tí ó jáde ní 1726, Swift mú Gulliver dé ilẹ̀ kan tí àwọn kan kì í ti í kú. Gulliver kọ́kọ́ yọ̀, ó ń ka gbogbo ọgbọ́n tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò ti kó jọ. Ìgbà tí ó rí wọn ni ó tó mọ̀ pé wọn kì í kú ṣùgbọ́n wọ́n ń gbó: ìrántí wọn ń lọ, ìkanra wọn ń pọ̀, bí wọ́n bá sì ti pé ọgọ́rin ọdún, òfin a kà wọ́n sí òkú, àwọn ọmọ wọn a sì pín ogún wọn lójú wọn. Ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ìtàn yìí dùn mọ́ jù, nítorí ohun tí Swift mú yà sọ́tọ̀ ni ohun tí àdúrà wa kì í yà. A kì í tọrọ ẹ̀mí gígùn kí á má fi àlàáfíà kún un. Swift gé àlàáfíà kúrò, ó fi ẹ̀mí gígùn nìkan sílẹ̀, ó sì ní kí á wá wò ó.

Ṣé ọmọ Yorùbá lè wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú ẹ̀fẹ̀ yìí kí ó sì dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀? Wọlé Ṣóyínká ti dáhùn ìbéèrè náà nínú The Lion and the Jewel, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1959, tí ó sì di ìwé ní 1963. Ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fẹ́ Sidi, arẹwà abúlé náà. Lakunle jẹ́ olùkọ́, ọ̀dọ́ ni, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gàgàrà tí ó ti inú ìwé wá kún ẹnu rẹ̀. Baroka ni Baálẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Sidi kọ Baroka nítorí pé ó ti gbó. Baroka kọ́kọ́ ka agbára rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Sadiku, ìyáálé rẹ̀, bí àṣírí pé agbára ọkùnrin ti tán lára òun. Sadiku gbà á gbọ́, ó sì lọ ń jó. Sidi gbọ́, ó wá láti fi arúgbó náà ṣẹ̀sín, ibẹ̀ ni ọwọ́ sì ti tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí Baroka ṣe ni ohun tí ọkùnrin orí àtẹ̀gùn yẹn ń ṣe: ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àdánù ogbó. Ìyàtọ̀ ni pé ìdẹkùn ni tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ṣóyínká kò yá ọmọ adìyẹ tàbí eyín ẹṣin àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti fi ṣe é. Ìtìjú àgbà, àṣírí iyàrá, àti ìgbàgbọ́ wa pé àgbà kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré ni ó lò. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè tí ó fi sọ ọ́. Nínú eré náà, Lakunle ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há ìwé sórí, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ kan tí ó dùn lẹ́nu rẹ̀ àfi èyí tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe.

Síbẹ̀ n kò ní gba gbogbo rẹ̀ wọlé láìwí tèmi. Ẹ̀rín eré náà kò pín dọ́gba. Sadiku àti Sidi ni wọ́n san owó rẹ̀, Baroka sì kó gbogbo èrè lọ. Bí a bá wẹ̀yìn wò, bákan náà ni ti Wilde, tí ó jẹ́ pé obìnrin ni í dúró sí márùndínlógójì, àti ti ọ̀rọ̀ ẹran àgùntàn tí wọn kì í sọ sí ọkùnrin. Ogbó ọkùnrin a máa rí Falstaff àti Baroka gbèjà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Ogbó obìnrin, ẹlòmíràn ni í fi ṣẹ̀fẹ̀ fún un. Ó yẹ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ léèrè nínú ìwé kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó ń rẹ́rìn-ín, ta sì ni ogbó wà lára rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ọ̀rọ̀ olójú-méjì ni. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí á tún un wò bóyá ẹ̀gàn ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí inú ìdánwò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń bá wọ bàtà lè wí pé kí wọ́n má ra bàtà tuntun fún òun mọ́, nítorí owó ni wọn yóò fi ṣòfò. Ẹ̀rù ikú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyá náà sì ti fi ẹ̀fẹ̀ bò ó kí ó lè ṣe é sọ. Bí ọmọ wa bá dáhùn pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," inú rere ni ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ti wà ní òun nìkan. Bí ó bá wí pé bàtà tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí ṣì ní ijó díẹ̀ nínú, ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n wí àti ohun tí wọn kò wí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi ogbó ṣẹ̀fẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni ogún ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá a máa wí, bí eré bá ti rẹ̀ wọ́n, pé àwọn ti dàgbà jù fún un. Kí ó dín ọ̀rọ̀ kù, kí ó má fi kún un. Kí ó mú ojú le, kí ó má sì túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Kí ó má fi ẹlòmíràn wé ẹran. Nígbà tí ó bá sì padà délé, kí ó má mú ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ bàbá rẹ̀ lọ, nítorí ní ilé wa, bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ni ẹ̀tọ́ láti wí pé orúnkún òun kò gbọ́ràn mọ́.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ tó kọ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan lórí ogbó sára pátákó, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí àwọn àgbà ilé wọn máa ń wí nípa ara wọn nígbà tí ó bá rẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ìwọ̀nyẹn sí apá kan pátákó, kí ẹ sì kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá kejì. Àwọn ọmọ fúnra wọn yóò rí ibi tí méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yà.